Ìpè Inú Igbó Brandywine

Ẹnu Bọ̀dá Ganí, àbúrò bàbá mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, mi ò sì gbọ́ ọ títí mo fi tó ẹni tó ń fá irùngbọ̀n. Àmọ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti ń yin bángà nígbà ooru, tí òórùn ẹ̀tù gba ojú fèrèsé wọlé, ọkàn mi a padà sí ilé tí àwa àti Bọ̀dá jọ ń gbé ní Laurel, ní Amẹ́ríkà, láyé ọjọ́un.

Ìbọn Bọ̀dá Ganí kì í wọ ilé náà. Inú búùtù mọ́tò ló ń sùn, nítorí ìbọn tó bá ń ti inú òtútù bọ́ sínú ooru a máa làágùn, ẹ̀tù tí wọ́n bá sì kì sí i á rin. Màmá mi ní nínú gbogbo ọgbọ́n ọdẹ tí Bọ̀dá ní, èyí ló dára jù. Ìbọn ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ṣakabùlà tí bàbá wọn fi ṣọdẹ ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́: ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbà ki ẹ̀tù, wọ́n á ti ọta kan tẹ̀lé e, wọ́n á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún. Kó o tó ki òmíràn, ẹran ti sọdá sí ìpínlẹ̀ Virginia.

Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ ni Mísítà Hẹ́nrì, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń gbin tábà ní Brandywine, tó sì ni igbó tí wọ́n ń wọ̀. Ìparí àsìkò ọdẹ ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn, nígbà tí yìnyín bá ti bolẹ̀. Nígbà náà, ìró ìbọn ti kọ́ àwọn àgbọ̀nrín lọ́gbọ́n. Inú igbó ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń sá pamọ́ sí lójúmọmọ, ebi nìkan ló lè lé wọn jáde nírọ̀lẹ́ wá sórí oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè, láti wá ṣa èyí tó já sílẹ̀. Nítorí náà, láti ọ̀sán ni ọdẹ á ti lọ jókòó láàárín ibùsùn wọn àti oko, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ bọ̀ wá bá òun lójú, kò sì ní mira. Mísítà Hẹ́nrì a gun ègùn tí wọ́n fi pákó kàn sórí igi ńlá kan. Bọ̀dá Ganí a fẹ̀yìn ti igi mìíràn nísàlẹ̀, létí odò kan.

Òfin kan ni Bọ̀dá Ganí mú ti ilé wá: ọdẹ kì í pe orúkọ ọdẹ nínú igbó. Fèé ni wọ́n ń sú. Ohun tó bá pe orúkọ rẹ níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn, ẹni tó bá sì dá a lóhùn ti bá a lọ. Mísítà Hẹ́nrì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá àgbà tó tọ́ àwọn náà kì í jẹ́ kí ọmọ dá ìpè kan ṣoṣo lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń súfèé síra wọn bí ẹyẹ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, òtútù náà kì í ṣe kékeré. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Bọ̀dá Ganí gbọ́ ohùn kan láti ọ̀kánkán ègùn.

"Ganí."

Ó rọ̀, bí ohùn ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. Bọ̀dá Ganí kò dáhùn. Ó tún pè. Wọ́n rò ó pé Mísítà Hẹ́nrì mọ òfin, fèé ni wọn ìbá sú. A jẹ́ pé kì í ṣe Mísítà Hẹ́nrì nìyẹn. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí ka àdúrà ààbò Áyátul Kúrsíyù lábẹ́ ahọ́n, wọn ò mira. Ìpè náà ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, títí tó fi dákẹ́.

Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ́ ṣú ni Bọ̀dá lọ sídìí ègùn. Pákó kan ti já. Mísítà Hẹ́nrì wà nílẹ̀ nínú yìnyín, itan wọn ti ṣẹ́, ètè wọn ti gan. Ètè tó ti gan kò lè súfèé.

"Mo pè ọ́," ni Mísítà Hẹ́nrì wí. "Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n pè ọ́."

Bọ̀dá Ganí pọ̀n wọ́n sẹ́yìn dé ìdí mọ́tò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Mísítà Hẹ́nrì kú ní ọsibítù.

Èmi ọmọdé ò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bọ̀dá Ganí ta ìbọn wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn ìpè tí ẹnikẹ́ni kò pè. A ó jókòó sídìí oúnjẹ, ilé á pa rọ́rọ́, wọ́n á ní, "Mo wà níbí o, mò ń bọ̀." Wọ́n á dìde, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó padà. Èmi àti àbúrò mi a máa fi rẹ́rìn-ín, a ní etí Bọ̀dá ti di rédíò. Ọjọ́ tí Màmá gbá wa létí ni a jáwọ́.

Wọ́n ti ṣán igbó náà báyìí. Ilé tuntun ló kún ibẹ̀, àwọn àká tí wọ́n ń sá tábà sí ti wó, àwọn àgbọ̀nrín sì ń jẹ òdòdó àwọn onílé lójú wọn kòrókòró. Yìnyín ṣì ń bọ́ bó ṣe ń bọ́ tẹ́lẹ̀. Mo bi Bọ̀dá Ganí bóyá òfin bàbá wọn ló burú. Wọ́n ní rárá, òfin náà gba bàbá wọn là ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Ṣùgbọ́n mo dá ohùn Mísítà Hẹ́nrì mọ̀," ni wọ́n wí.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, tó bá jẹ́ ìwọ lo jókòó sídìí igi yẹn, tí ẹni tó mọ òfin rẹ ṣì pe orúkọ rẹ, kí lo máa ṣe?