Ọjọ́ Tí Jóṣúà Gun Ìwọ̀n Ẹrù

Lọ́jọ́ tí Jóṣúà gun ìwọ̀n ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú Alákíà, lọ́dún 1996, àwọn èrò tó wà lórí ìlà rò pé eré ló ń ṣe. Ó bọ́ bàtà, ó rọra jókòó sórí ìwọ̀n bí àpótí, ó sì kọjú sí Nùrẹ́nì, akọ̀wé tó ń so páálí nọ́ńbà mọ́ ẹrù.

“Nùrẹ́nì, wọ̀n mí. Kí o sì kọ fọ́ọ̀mù ẹrù tó bàjẹ́ fún mi.”

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́ ní fọ́ọ̀mù fún àpótí tó bá ya lọ́wọ́ wọn, ọ́fíìsì wọn ní Dùgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Kò sí irú ẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Jóṣúà ti fi ọdún méjìdínlógún gbé ẹrù wọ bàálù. Ẹ̀yìn ń dùn ún dé itan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ó ní ká ní àpótí lòun ni, wọn ìbá ti dá òun lóhùn tipẹ́.

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí Jóṣúà ṣe ń pè é. Irú ẹrù: ènìyàn; ibi tó ti bàjẹ́: ẹ̀yìn; ohun tí ẹlẹ́rù ń fẹ́: ìsinmi. Ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó ya páálí nọ́ńbà kan sí méjì, ó fi ìdajì kan mọ́ fọ́ọ̀mù, ó fún Jóṣúà ní ìdajì kejì.

Kì í ṣe pé Jóṣúà kò kọ́kọ́ gba ọ̀nà tó tọ́. Ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ, olórí wọn ní Dùgbẹ̀, ti ṣòfin pé aláìsàn gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gbé ìwé dókítà wá sí àjà kẹta. Jóṣúà gun àtẹ̀gùn dé òkè, ọ̀gá sì bi í pé kí ló ṣe ẹ̀yìn ẹni tó gun irú àtẹ̀gùn yẹn. Nígbà kejì, ó rán ìyàwó rẹ̀, Ọlárónkẹ́. Wọ́n kọ orúkọ Jóṣúà sílẹ̀ pé ó sá lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí Jóṣúà lọ gba ìwé dókítà, Nùrẹ́nì ló tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Dókítà kọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jóṣúà ti ìwé náà padà.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò lè tà ní Dùgbẹ̀.”

Dókítà ní wọn kì í ná àìsàn. Jóṣúà ná an: ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó dé ọjọ́ márùn-ún, dókítà lé àwọn méjèèjì jáde.

Bí Jóṣúà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Bódìjà gbé àpótí ìwé wá tí ó wúwo ju òfin lọ. Jóṣúà bi í bóyá ó ti ka gbogbo wọn. Ó ní òun ti ka díẹ̀. Jóṣúà ní kí ó dá èyí tó ti kà padà sílé, nítorí kí ló tún kù tó ń wá níbẹ̀? Ọkùnrin náà yọ ìwé mẹ́rin. Bí èrò bá sì ti ń lọ, Jóṣúà á kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sọ ìdajì nọ́ńbà wọn nù, pé ìdajì náà ni kò ní jẹ́ kí iléeṣẹ́ sẹ́ ẹrù wọn.

Àmọ́ Nùrẹ́nì ò fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Òǹtẹ̀ tirẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé ọ̀gá á ní ó ń fi iléeṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tì í mọ́ inú dúróà. Ní àràárọ̀ ni Jóṣúà ń bi í bóyá ẹrù òun ti dé Dùgbẹ̀.

“Ó ti dé, Bàbá Ṣemílóore,” ni Nùrẹ́nì máa ń dáhùn.

Ní ọjọ́ kejìlá tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù náà, Jóṣúà gbé àpótí mẹ́rin, ó ní kí òun sinmi díẹ̀, ó jókòó sórí ọmọlanke ẹrù. Kò dìde mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, Ọlárónkẹ́ wá láti Agbowó. Ó yọ ìdajì nọ́ńbà kan jáde láti inú Bíbélì ọkọ rẹ̀, ó gbé e síwájú Nùrẹ́nì.

“Ó ní bí òun ò bá lè wá, kí n wá gba ẹrù òun lọ́wọ́ ẹ.”

Nùrẹ́nì ṣí dúróà, ó mú fọ́ọ̀mù náà jáde. “Ẹ forí jì mí, Mọ́mì. Mi ò fi ránṣẹ́.”

“Ó mọ̀. Ó ní kí n má bá ẹ jà, pé ọ̀gá yín lò ń sá fún.”

Ọlárónkẹ́ ka fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ènìyàn sí, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún. Nùrẹ́nì náà sunkún. Ó dùn ún wọra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nùrẹ́nì wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀, ó gun àjà kẹta, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù àti ìdajì méjèèjì síwájú Ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ. Ọ̀gá wo òǹtẹ̀, ó béèrè ibi tí ẹlẹ́rù wà.

“Wọ́n ti sin ín, sà. Èmi ni mo dá ìwé ẹ̀ dúró. Ẹ̀yin lẹ dá òun fúnra ẹ̀ dúró.”

Ọ̀gá fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ó lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e pé òun ti gbà á.

Láti ìgbà náà, ìwé àìsàn kankan ò sùn nínú dúróà Nùrẹ́nì mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí Dùgbẹ̀. Bó bá padà dé, ẹni tó ni ín á bi í bóyá ẹrù òun ti dé, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Nùrẹ́nì á ní ó ti dé. Òótọ́ ló ń sọ báyìí, ohun tó sì ń dùn ún ni pé kì í ṣe Jóṣúà ló ń béèrè.