Fúláàsì Tí Mo Gbé Lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó nínú Ààwẹ̀

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí èmi àti fúláàsì pupa kan kúrò nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Sàfúrátù, ìyàwó mi, ló ni ín. Ó ti lé lọ́dún kan tí ó ti kú, n kò sì tíì gbé fúláàsì náà kúrò lórí tábìlì. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ dé bá a.

Rábíátù, ọmọ wa kan ṣoṣo, ló bí àkọ́bí rẹ̀ lálẹ́ àná, ọkùnrin, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, tí ó jogún lọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ Rábíátù. Rísọ̀sì ni wọ́n ń pè é, orúkọ irú ọ̀bọ kan tí wọ́n fi ṣe ìwádìí rẹ̀. (N kò fi ti ọ̀bọ sínú wáyà tí mo tẹ̀ sí ọkọ ọmọ mi ní Kánò. Àna kì í sọ irú ìyẹn fún àna.) Abẹ́rẹ́ kan wà tí Rábíátù gbọ́dọ̀ gbà kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ lè máa bá àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn jà nínú oyún. Kò sí ní Ìjẹ̀bú. Ó wà ní ilé oògùn kan ní Èkó.

"Inú òtútù ni kó wà o, Bàbá," ni dókítà wí. "Bó bá gbóná, omi lásán ni. Ẹ má sì yà síbì kankan."

Náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ni owó ọkọ̀. Nílé wa, dẹ́rẹ́bà a máa yẹ kòtò tó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn Ṣágámù, ọ̀nà ni dẹ́rẹ́bà tiwa ń wá láàárín kòtò. Ní Ìkòròdú, mo ra mọ́ínmọ́ín méjì. Arìnrìn-àjò láyè láti jẹun nínú ààwẹ̀ kí ó sì san án padà, ṣùgbọ́n mo kẹ́yìn sí àwọn èrò kí n tó jẹ ẹ́, torí Ọlọ́run a máa dárí jini, èrò ọkọ̀ kì í dárí jini.

"Bàbá, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa," ni dẹ́rẹ́bà ké. "A ti rí yín nínú dígí."

Nígbà tí mo dé Èkó, ọjà Sandgrouse ni mo kọ́kọ́ lọ láti ra yìnyín lọ́wọ́ ẹlẹ́ja.

"Ẹja èló, Bàbá?"

"Yìnyín nìkan ni mo fẹ́."

"Háà! Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, ẹ ò ra ẹja, omi tí ẹja fi wẹ̀ lẹ fẹ́ rà!"

Ó gba kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ó ṣàánú mi, ó bù ú kún fúláàsì. Nígbà tó fi máa di aago méjì, mo ti gba oògùn náà: ìgò kékeré tí kò ju ìka lọ, tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín yìnyín.

Ó yẹ kí n dojú kọ gáréèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́yàwó ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò lè dé Èkó kó má kí àna. Bó bá sá, ìròyìn rẹ̀ á ṣáájú rẹ̀ délé. Mo yà.

Àǹtí Sìkírá, ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn. Ó wo ẹnu mi.

"Bàbá Rábí, ètè yín ń dán. Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Arìnrìn-àjò ni mí."

"Ẹsẹ̀ lẹ fi rin ìrìn àjò ọ̀hún ni, àbí ẹnu?"

Fúláàsì mẹ́sàn-án ló tò sí yàrá ìgbàlejò. Nílé wa, abọ́ ni a fi ń gbé oúnjẹ sàrá lọ sí mọ́ṣáláṣí; nínú agboolé yìí, fúláàsì ni wọ́n fi ń gbé kókó gbígbóná lọ fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. Kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè, mo fi tèmi sáàárín wọn bí ọmọ ilé, mo lọ kírun àsárì.

Nígbà tí mo padà, mo ṣí fúláàsì pupa. Ooru kókó gbá mi lójú.

Mo gbé e, mo sáré tọ Àǹtí Sìkírá lọ. "Àǹtí, ta ló fọwọ́ kan fúláàsì mi?"

"Èmi ni. Ọlọ́run á gba sàrá yín! Ta ló ń gbé yìnyín wá ilé àna nínú ààwẹ̀ tí kì í ṣe fún omi ìṣínu? Ó kàn ń rùn bí ẹja díẹ̀ ni."

"Ohun tó wà nínú yìnyín náà ńkọ́?"

Ó mú mi lọ sídìí bàsíà omi ọsàn kan. Ìgò mi wà láàárín yìnyín nínú ọ̀rá rẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́. "Mo rò pé oògùn ojú yín ni. Mo ní ẹni tó gbé oògùn sínú òtútù, òtútù ló fẹ́ fún un."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ò ní dá yìnyín padà àfi kí n sọ ohun tí ìgò náà wà fún.

"Ara ìyá dà bí agboolé yìí," ni mo wí. "Ọdẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ á yọ́ wọlé. Ọdẹ á rí àjèjì, á mọ ojú rẹ̀. Àkọ́bí ti bọ́ ní tirẹ̀. Àbúrò tó bá jọ ọ́ ni ọdẹ máa ń dojú ìjà kọ. Abẹ́rẹ́ yìí á palẹ̀ àjèjì mọ́ kí ọdẹ tó mọ̀ ọ́n."

"Kí wọ́n kúkú lé ọdẹ náà lọ!" ni ìyàwó kékeré kan wí.

"Bí wọ́n bá lé e, ta ni yóò lé ibà?" Àǹtí Sìkírá dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí mi. "Bàbá Rábí. Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́. Rábí yè. Mẹ́ta tẹ̀ lé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ibà pọ́njú ló pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní òun ò lè búra, torí a ò yẹ ẹ̀jẹ̀ Sàfú wò rí. Ṣùgbọ́n ó ní ó jọ ọ́."

Àǹtí Sìkírá ló pè wọ́n ní àbíkú nígbà náà. Òun ló ní kí a fi abẹ sàmì sí ìkẹta lẹ́sẹ̀ kí a tó sin ín, òun náà ló sì ní ọwọ́ Sàfúrátù wà nínú ikú wọn. Sàfúrátù kò dá a lóhùn. Èmi náà kò dá a lóhùn.

Àǹtí Sìkírá da kókó nù, ó fi omi tútù ṣan fúláàsì, ó kúnlẹ̀ ti bàsíà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa yìnyín náà láìku ẹyọ kan. Àwọn ìyàwó ilé kùn pé omi ìṣínu yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀," ló wí. Ó sìn mí dé ojú títì. "Bí ẹ bá dé ibojì Sàfú, ẹ bá mi..." Kò parí rẹ̀.

Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí mo fi dé ọ̀dọ̀ Rábíátù. Nọ́ọ̀sì ṣí fúláàsì, ó fa imú, ó gbóòórùn ẹja, ọsàn àti kókó. "Bàbá, ilé oògùn lẹ lọ ni, àbí ilé oúnjẹ?" Ó fa abẹ́rẹ́, ó gún un. Rábíátù ti bí mẹ́ta sí i láti ìgbà náà, kò sì sí ọ̀kan tí ojú rẹ̀ pọ́n.

Ìrìn àjò náà kọ́ mi pé kí a má fi fúláàsì pamọ́ sáàárín fúláàsì nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kù, ibojì ni mo gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kọ́kọ́ sọ ti fúláàsì fún Sàfúrátù, torí ẹ̀rín ló fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn náà ni mo wá parí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo bá a tọrọ àforíjì, mo sì fi tèmi kún un: pé Sàfúrátù kò jẹ̀bi ohunkóhun, àti pé ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè gbọ́.