Ọjọ́ tí A Ó Lọ Wo Òkun

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò kẹ́yìn, àkẹtẹ̀ ni ó ń dé wò. Ó rà á ní ọjà Àpòmù, etí rẹ̀ fẹ̀ dé èjìká, ó sì ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, nítorí ó ní dígí inú yàrá máa ń tan òun jẹ. Ó bi mí bóyá òun kò dà bí ọ̀gá oko kòkó. Mo ní ó dà bí ọ̀gá oko tí kì í san owó iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí i, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀. Kò dìde mọ́.

Ìrìn àjò kan ni ó torí rẹ̀ ra àkẹtẹ̀ náà. Bísí, ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Èkó, ló sọ fún wa nípa ibi ìgbafẹ́ kan létí òkun, tí wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà rẹ̀ títí dé ibi tí ìgbì ń gbé dé, tí àwọn ọmọdé lè sáré kiri, tí àgbà sì lè jókòó lábẹ́ àtíbàbà kí ó máa wo omi. Gbogbo wa la fẹ́ lọ: àwa méjèèjì láti Ìkirè, Kúnlé àbúrò Bísí àti ìdílé rẹ̀ láti Ìbàdàn, Bísí àti àwọn tirẹ̀. Ìyàwó mi ti lọ sí Èkó láìmọye ìgbà, nítorí kò sí ọmọ tí Bísí bí tí kò lọ wẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó tí ó mọ̀ kò ju ilé ìdáná, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, àti gáréèjì lọ. Kò fojú kan òkun rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú àti àdúrà fídáù, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ìrìn àjò náà mọ́. Bísí nìkan ló fohùn jẹ́jẹ́ bi mí nígbà tó ń padà sí Èkó pé, kí la fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ ibi omi yẹn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Bí mo bá jókòó ní pálọ̀, ara mi á ní kí n bọ́ síta. Bí mo bá dé ìta, mo tún ti rántí pé n kò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àpòmù láìní ohun tí mo fẹ́ rà, n ó ra ìṣáná, n ó padà wálé. Ìṣáná ti pọ̀ nílé mi báyìí ju ohun tí ènìyàn kan lè fi dáná lọ.

Láàárọ̀ yìí, òórùn epo pupa gbígbóná gba ojú fèrèsé wọlé. Aládùúgbò mi ló ń dín dòdò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ dòdò Ìkirè nínú ọ̀rá létí títì, tí àwọn tó ń tà á ń nà án sí àwọn èrò ọkọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà, tí ará ibòmíràn ìbá kó dànù, ni wọ́n ń pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín títí yóò fi dúdú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ewé ni wọ́n ń fi dì í, òórùn ewé náà a sì wọ inú rẹ̀. Bí òórùn yẹn ṣe wọlé, mo dìde lórí àga, mo sì rí i pé ilé ìwé ni ọkàn mi ti lọ.

Ilé ìwé wa wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù, débi pé àwọn ọmọ ìlú méjèèjì jọ ń kàwé níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń jà níbẹ̀. Ọmọ Ìkirè ni mí, ọmọ ilé oníṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Àpòmù ni Ràfátù, ọmọ àgbẹ̀ kan tó jẹ́ mùsùlùmí. Bẹ́ǹṣì iwájú mi ni ó ń jókòó sí, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo sì ń wò dípò pátákó. Òun ni mo wá fẹ́ nígbà tí a dàgbà, òun náà ni ìyàwó mi tó lọ yìí.

Tíṣà wa kan, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sétí òkun, kò lè fara mọ́ ọn pé àwa gbà pé kò sí omi tó tóbi ju odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjíré lọ. Ó ní òun yóò kó wa lọ wo òkun ní Èkó. Láti ọjọ́ náà, ilé ìwé kò rójú. Ọjọ́ tí a ó lọ gan-an ló kọ́kọ́ di wàhálà. Bàbá Ràfátù ní kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ìyá wa ní kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí ta ni yóò tọ́jú oúnjẹ wa? Tíṣà ní òun kò mọ̀ pé ọjọ́ ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò sí òkun.

Nílé tiwa, ìyá àgbà gbà pé ọmọ tó bá ń pariwo ìrìn àjò ṣáájú ni ibà máa ń mú. Gbogbo wa mọ̀ pé mò ń lọ, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́. Bí mo bá béèrè ibi tí bàtà mi wà, wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, èmi náà á ní kò sí. Ràfátù ní tirẹ̀ pariwo dé odò, ó pariwo dé ilé kéwú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé ìdì dòdò rẹ̀ wá bá mi lẹ́bàá ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú ìgò oògùn òfìfo kan, ó ní Ràfátù ní kí n bá òun bu omi òkun wá.

Ọkọ̀ ti kọjá Ìbàdàn kí Tíṣà tó ní kí a mú oúnjẹ jáde. Dòdò ni mo tú. Dòdò ni ẹni tó jókòó tì mí tú. Ìyá kọ̀ọ̀kan ti rò pé àwọn yòókù yóò di ìrẹsì àti búrẹ́dì, pé ẹnì kan yóò gbé omi. Kí òun ṣáà di dòdò, kí Èkó lè mọ ibi tí ọmọ òun ti wá. Tíṣà wò wá títí. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò wá sí ìyá tó mọ nǹkan mìíràn sè ni?”

Bí a ṣe dé etí òkun, ata ti ń jó wa lẹ́nu, kò sì sí omi mímu. Ọmọkùnrin kan kúnlẹ̀, ó bu omi òkun mu, ó sì bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ ló fún wa lómi láti inú ìkòkò wọn. A fún wọn ní dòdò. Wọ́n jẹ ẹ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í du ìkòkò omi náà mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí mo rántí jù nípa òkun fúnra rẹ̀ ni pé kò dúró. Kò dúró rárá, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Mo gbé ìgò náà wá fún Ràfátù. Ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní omi kànga ni mo da iyọ̀ sí. Mo búra, ṣùgbọ́n kò gbà. “Irọ́ lo pa,” ó ní, “àfi tí mo bá débẹ̀ tọ́ ọ wò fúnra mi.” Nígbà tí a fẹ́ra tán, “ẹ” ni ó máa ń pè mí lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ohun tí kò dá a lójú, á rọra wò mí, á ní, “Bàbá Bísí, bí omi òkun yẹn náà ni?” Àwọn ọmọ mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Nígbà tí oòrùn gòkè, mo jáde, mo tún rìn lọ sọ́nà Àpòmù. Igbó tó wà láàárín ìlú méjèèjì nígbà náà ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù, o kò lè mọ ibi tí Ìkirè parí sí. Ilé ìwé náà ti ní òrùlé tuntun. Àwọn ọmọ mi kì í fi ìrìn àjò pamọ́ bíi tiwa. Wọ́n á ti fi àwòrán ibi tí wọ́n ń lọ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí kí wọ́n tó di ẹrù, ibà kan kì í sì í mú wọn. Síbẹ̀, wàhálà ọjọ́ kò yí padà. Ìyàwó Kúnlé kì í pa Jímọ̀ jẹ, Bísí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù sì ni ti gbálẹ̀-gbálẹ̀. Ẹnì kan ní láti dá ọjọ́ ní gbogbo ìdílé. Nínú ilé mi, ìyàwó mi ni. Òun ni yóò pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bá wọn jà, yóò bẹ̀ wọ́n, yóò wá na fóònù sí mi kí n fi àdúrà sí i. Èmi kò pe ẹnikẹ́ni rí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo padà sílé, mo jókòó síta, mo pe Bísí.

Ó ní, “Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara yín le?”

Mo ní ara mi le, mo fẹ́ kí a dá ọjọ́ tí a ó lọ wo òkun ni. Ó wá ní Kúnlé sọ pé òun kò rò pé ó yẹ kí a lọ láìsí Màmá.

“Màmá yín kò gbà mí gbọ́ títí ó fi lọ,” mo ní. “Ẹ̀yin ẹ wá tọ́ ọ wò.”

Mo gbọ́ tí ó fa imú. Ó béèrè ta ni yóò wá bá Kúnlé sọ ọ́. Mo ní èmi ni.

Ó pẹ́ kí n tó rí orúkọ Kúnlé nínú fóònù náà. Nígbà tó gbé e, òun náà kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ Sátidé tí mo mú fún ìrìn àjò náà fún un. Ó ní ìpàdé wà níbi iṣẹ́ òun lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó sọ fún wọn pé bàbá òun ti dá ọjọ́.