Ojú Ewé Àwọn Alààyè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ bí mo ṣe fi bírò pa ọmọ ọlọ́mọ níwájú gbogbo ọjà, tí ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà fi jẹ́ kí n máa yangàn títí dòní pé ọmọ Ìwó ni mí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá à ń ta aṣọ. Ẹ mọ bí Nàìjíríà ṣe rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà, wọ́n ń pa àgbẹ̀ sóko. Ìròyìn kan ò tíì tán tí òmíràn á tún dé! Ìyálọ́jà wa bá ní ká ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ṣàdúà ìwòsàn fún orílẹ̀-èdè yìí.

Iṣẹ́ tèmi ni kíkọ orúkọ àwọn tí wàhálà náà kàn. Mo kọ òkú sápá òsì ìwé, mo kọ àwọn tó wà nígbèkùn sápá ọ̀tún. Ààfáà á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì fún àwọn òkú, kó tó kan àwọn alààyè. Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Ó wá ku Ràṣídà. Ọmọ yẹn ń padà síbi tó ti ń ṣe kọ́pà nígbà tí àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ wọn dúró. Ọ̀pọ̀ oṣù, kò sí ìpè, kò sí ìròyìn. Ìyá rẹ̀, tá a jọ ń ta aṣọ, ò wá sọ́jà mọ́, èmi ni mo bá wọn kọ orúkọ ọmọ wọn.

Ẹ gbà mí o, apá òsì ni mo kọ ọ́ sí! Kì í ṣe pé ojú mi ṣì í. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ti lọ, ká má tan ara wa jẹ. Ta ló fi mí ṣe Ọlọ́run?

Àṣé Ìyá Ràṣídà á wá! Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí. Mo fẹ́ sáré lọ gba ìwé náà, àmọ́ ó ti wà lọ́wọ́ Ààfáà, wọ́n sì ti ń ka orúkọ, à ń ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe pe Ràṣídà báyìí, ìyá dìde.

"Ààfáà, ẹ dákun, ẹ dúró ná. Ta ló bá mi sin ọmọ mi?"

Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni, mo ní kí wọ́n foríjì mí. Mo ń retí èébú, ó sì tọ́ sí mi! Wọ́n kàn ní kí n gba ìwé náà wá. Wọn ò mọ̀wé, torí náà wọ́n ní kí n fi ibi tí mo kọ ọ́ sí han àwọn.

"Akọ̀wé, gbé e sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹni tí mi ò rí òkú ẹ̀, mi ò ní í sin ín."

Mo fagi lé e, mo tún un kọ sápá ọ̀tún.

Mo rò pé ilé ni wọ́n máa gbà lọ. Rárá o! Iwájú ni wọ́n lọ, wọ́n jókòó ti Ìyá Dèbórà, Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n pa àbúrò rẹ̀ sóko lókè Ọya, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní kí Ààfáà máa bá iṣẹ́ lọ, pé òkú àwọn ẹlòmíràn náà ń retí àmín. Ẹ̀yin èèyàn mi, àmín tiwọn ló ròkè jù! Nígbà tó kan àwọn alààyè, Ìyá Dèbórà ló gbàdúrà, ó sì pe Ràṣídà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń pe ọmọ wálé jẹun.

Orí mi wú! Irú èèyàn báyìí wà nílùú mi, mo sì ń wá ìwòsàn Nàìjíríà kiri?

Ràṣídà ò tíì dé. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ti padà sọ́jà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ṣí ìwé náà, wọ́n á fi ìka lé orúkọ ọmọ wọn gan-an. Wọn ò nílò kí n júwe ẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbàdúà kí ara ìlú yá ò gbọdọ̀ yára sin ìrètí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ̀ ń retí? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí. Àyè ṣì wà lápá ọ̀tún.