Bí A Ṣe Lọ Mú Gàníyù Kúrò Nídìí Ìràwọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí èmi àti Sàfúrà, àbúrò mi obìnrin, kúrò ní Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà. Ọjà Akẹ̀sán ṣì dákẹ́. Ọ̀la ni àdúà ogójì ọjọ́ Rájí, àbúrò mi tó kú, ṣùgbọ́n Gàníyù, àkọ́bí rẹ̀, ránṣẹ́ láti yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun lè wá. Sàfúrà ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ó ní òun kò ní í jókòó kí àáfà pe àkọ́bí, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn.

Ọ̀nà náà tóóró, ihò pọ̀ níbẹ̀ débi pé inú koríko ni dírẹ́bà ń gbà.

"Bàbá Tíṣà," ó ní, "wọ́n ní ìràwọ̀ ni ọmọ yín ń wò. Kó bá mi wo tèmi, kó sọ ìgbà tí n ó ra táyà tuntun."

"Kì í ṣe aríran," mo dá a lóhùn. "Bí ìràwọ̀ ṣe kó jọ ló ń ṣírò."

"Ta ló tú wọn ká?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Sàfúrà kò rín.

A sọ̀ ní Sábó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, mo mu fúrà, èyí tí àwọn Hausa fi jéró àti wàrà pò. Ó tutù. Nínú irú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná là ń mu nílé.

Nígbà tí a dé yàrá Gàníyù ní yunifásítì, ó ti rù. Kọ̀ǹpútà kan ń hùn lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí Sàfúrà lọ ṣe àlùwàlá, Gàníyù sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé láti oṣù tó kọjá ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣírò, ó ku díẹ̀ kó parí. Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn, wọ́n á sì gba ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Sàfúrà kírun tán, ó béèrè ohun tí àwọn àmì wínníwínní ojú ẹ̀rọ náà jẹ́.

"Afẹ́fẹ́ tó wà kí ìràwọ̀ tó wà ni, Ìyá. Ó ń ṣàn bí omi. Mo pín in sí ẹyọ-ẹyọ kí n lè ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ki tó lọ́dọ̀ ẹyọ kan àfi bó bá wo àwọn tó yí i ká. Òòfà ń fà wọ́n jọ, wọ́n sì ń ti ara wọn padà, títí wọn ó fi di agbo ìràwọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?" ni Sàfúrà wí. "Ta ló yí ọ ká níbí?"

Ọmọ náà dìde lórí àga. Lẹ́yìn náà ló mú aṣọ rẹ̀. "A ó fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́," ó sọ sí mi létí. "Kí Ọlọ́run dá iná sí."

Nínú agbo ilé wa, ẹni tó bá jáde gbẹ̀yìn ló ń pa iná. Òfin bàbá wa ni. Sàfúrà ló gbẹ̀yìn. Èmi àti Gàníyù ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí híhùn ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Sàfúrà jáde, Gàníyù sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dì mí lápá mú.

"Ẹ ṣé, Ìyá," ó ní. "Mo ti gbàgbé láti pa á."

Sàfúrà sùn lé e léjìká títí a fi dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé ń kí wa káàbọ̀, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun parí iṣẹ́ kó tó wá: "Èmi gan-an ni mo bá a pa ẹ̀rọ rẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣe tíṣà, n kò rí àṣìṣe kí n má fi bíró pupa sàmì sí i. N kò sàmì sí èyí. Sàfúrà náà ti lọ bá Rájí báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí a mú un dé, wọ́n fún Gàníyù láyè láàárín ẹní, ìdílé sún mọ́ ọn yíká. Ó gbójú sókè. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ìràwọ̀.