Síìlì Omi Tútù Nínú Pọ́ǹpù Omi Híhó

Ní ilé-iṣẹ́ epo pupa tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, pọ́ǹpù kan wà tí mo kórìíra ju ọ̀gá mi lọ, ọ̀gá mi náà kì í sì í ṣe ẹni tó rọrùn láti fẹ́ràn. Pọ́ǹpù yìí ló ń ti omi híhó wọ bọ́ílà, àgbá irin tí a fi ń se omi. Níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti wọlé, òrùka méjì ló ń fara ra ara wọn kí omi má baà tú síta: ọ̀kan dúdú bí èédú, ọ̀kan le bí àwo tánganran. Síìlì la ń pè é. Bí ó bá já, omi á fọ́n sí ẹni tó bá wà nítòsí. Ó ti bó ojúgun mi rí. Láti ìgbà náà, bí omi ẹ̀bà bá hó nílé, mo máa ń sún sẹ́yìn.

Síìlì náà bàjẹ́. Ọ̀gá, tí mo jù lọ́jọ́ orí, tó kàwé jáde ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ra òmíràn wá láti ọjà. Mo fọwọ́ tẹ rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ọ̀gá, omi tútù ni wọ́n ṣe èyí fún. Rọ́bà yìí á yọ́.”

“Ṣé ìwé mẹ́fà tẹ́ ẹ kà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

“Ojúgun mi ló sọ ọ́.”

Àwọn tó ń ṣa ẹyìn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ dè é, kẹ́ ẹ sì dúró tì í, tàbí kẹ́ ẹ fi irinṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ sílé.”

Iṣẹ́ kankan kò sí nílé. Mo dè é. Mo wá ní, “Ó yá, ọ̀gá. Ẹni tó rà á náà á dúró tì í.”

Ojú àwọn òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kó lè kọ̀. A dúró bí orogún méjì tó ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ kan. Wọ́n tan pọ́ǹpù. Kò pẹ́, mo gbóòórùn rọ́bà. Omi kán, ó tún kán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣìì.

“Ẹ sá,” ọ̀gá ní. “A mọ̀ yín.”

“Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sá.”

Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè mọ́. Mo sá, sálúbàtà mi kan kù síbẹ̀, mo sì fa súwíìṣì wálẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Wọ́n yìn mí pé mo lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n wo? Mo dì í mú kí n má baà ṣubú ni.

Àmọ́ síìlì ti já kí pọ́ǹpù tó dúró. Omi bó apá ọ̀gá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó mú síìlì tó tọ́ wá, èyí tí kò ní rọ́bà rárá. Ó jù ú sórí tábìlì mi láìkí mi. Mo dè é láìdúpẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í nípa àpá tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní èmi ni mo kọ́kọ́ sá. Kò purọ́.