Omi Tí Wọ́n Ń Bù Fún Mi

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ omi. Èmi ni mo fi í sí ọjọ́ Ajé, nítorí mo fẹ́ràn kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, bí ìṣirò ṣe máa ń ní àkókò tirẹ̀ ní kíláàsì. Ní òwúrọ̀, mo máa ń gun ọ̀kadà láti ilé mi ní Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà. Láti Ọ̀kà, a máa ń gba ọ̀nà oko lọ títí ilé á fi tán, tí yóò wá ku òkè òkúta àti igbó nìkan. Ibẹ̀ ni kúárì wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Mo máa ń dé akoto, mo máa ń gbé àpótí ìgò mi kọ́ èjìká, mo sì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sí abúlé kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ òkè.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Sáyẹ́ǹsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn tó ni kúárì ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ omi, eruku, àti bí ilẹ̀ ṣe ń mì, ẹnì kan dárúkọ mi fún wọn. Wọ́n kọ́ mi ní iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ bí omi ṣe rú tó, àti ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan. Àwọn ará àdúgbò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Tíṣà ti lọ ń fọ́ òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. N kò fọ́ òkúta rí. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa wo ohun tí òkúta fífọ́ ń ṣe sí àwọn tí kò fọ́ ọ, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yìn ẹ̀tù sí òkè, wọ́n á kọ́kọ́ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ẹyẹ kì í dúró de ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á mì, tí eruku á sì rọra máa balẹ̀ sórí ewé iṣu, bí ìgbà tí èèyàn bá ń jọ èlùbọ́. Mo ní àwọn awo tí mo gbé kalẹ̀ kiri láti gba eruku yẹn. Àmọ́ kànga abúlé náà ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mò ń ṣọ́, nítorí kò sí òmíràn.

Ilé tó wà níbẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Inú àgbàlá ìyá àgbà kan ni kànga náà wà, mùsùlùmí ni, ó dàgbà jù mí lọ, ibẹ̀ ló sì ti wà láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìyàwó yìí sáré jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ gbà-á.

"Sà! Ẹ̀yin nìyí? Ẹ ò dá mi mọ̀ ni? Ẹ kọ́ mi ní Ìkàrẹ́, ẹ máa ń ní kí n gbé orí sókè tí mo bá ń kàwé!"

Mo rántí rẹ̀. Wọ́n gbé àga fún mi. Mo ṣàlàyé pé omi kànga ni mo wá gbà, mo sì na ọwọ́ sí okùn korobá. Ariwo sọ.

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí ẹ fa omi?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ yín ni kí ẹ jókòó," ni ìyá àgbà wí. "Bí ará Ọ̀kà bá gbọ́ pé olórí ewú fa omi lágbàlá mi, tí ìyàwó wà nílé, ojú wo ni kí n fi wò wọ́n?"

Ìyàwó ti gba ìgò lọ́wọ́ mi. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, ó sì gbé e padà dé, ó kún, ó ti fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Omi náà mọ́ gaara.

Wọ́n ti kọ́ mi pé ẹni tó fẹ́ yẹ omi wò ni kó fa á fúnra rẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní ìwé mi, mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ: àga yẹn dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó tún ń dìde dúró nígbà tí mo bá wọlé. Nítorí náà, ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ajé, fún oṣù márùn-ún, mo máa ń jókòó, wọ́n máa ń bu omi fún mi, omi náà sì máa ń mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó gún régé.

Nígbà òjò, máníjà kúárì pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní apá ibi tí àwọn ń fọ́ lára òkè ti fẹ́ tán, àwọn fẹ́ bọ́ sí apá tó kọjú sí abúlé. Kí wọ́n tó lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé omi abúlé kò bàjẹ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti ń lọ.

"Ìwé yín la máa fi hàn, Tíṣà. Ó mọ́ bí aṣọ ọdún."

Mo tún un kọ dáadáa, mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa gbé e lọ. Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni wọ́n yìn ẹ̀tù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀kan nínú àwọn awo eruku mi ṣubú, mo sì lọ gbé e dúró. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àgbàlá ìyá àgbà kọjá. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi kẹ́tùrù ṣe àlùwàlá. Omi tó ń ṣàn lápá rẹ̀ funfun bí omidùn. Nígbà tó da á sí ẹsẹ̀, ìyẹ̀fun òkúta dúró sí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo dúró títí ó fi parí.

"Ìyá, omi wo lẹ fi ṣe àlùwàlá?"

"Omi kànga ni. Ṣé a ní òmíràn ni?"

"Kànga tí mò ń gba omi rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ta ló máa bu irú èyí fún àlejò mu?"

"Èmi kì í mu ún, Ìyá!"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ kì í mu ún? Kí wá lẹ ń fi ṣe láti ọjọ́ yìí? A rò pé ẹ̀yin àti ọ̀gá yín ló ń mu ún lókè níbẹ̀ yẹn."

Ìyàwó ti jáde síta. Kò gbé orí sókè.

"Inú àmù ni mo ti ń bù ú, sà. Tí wọ́n bá ti yìn ẹ̀tù, kànga máa ń rú fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. A máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i, a ó jẹ́ kó tòrò nínú àmù. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, mo máa ń yọ ti òkè àmù sọ́tọ̀ fún yín. Mo máa ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì."

"Lẹ́ẹ̀mejì?"

"Nítorí pé ẹ̀yin ni, sà."

"Èwo wá ni ẹ̀yin ń mu?"

"Ìsàlẹ̀ àmù."

N kò lè bínú sí i. Èmi ni n kò ṣàlàyé ohun tí mò ń fi omi ṣe. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí alábẹ̀wò bá ń bọ̀ ní ilé ìwé wa, a máa ń kun òkúta ẹnu ọ̀nà ní ẹfun, a máa ń kó àwọn ọmọ tó mọ̀wé síwájú. Èmi fúnra mi ṣe é lọ́dọọdún. Nígbà tó kàn mí láti jẹ́ alábẹ̀wò, n kò dá a mọ̀.

Mo di okùn korobá mú.

"Tíṣà, ẹ fi í lẹ̀," ni ìyá àgbà wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Mo fa á. Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ sí i, ohun tó sọ kò jọ ohun tí mo ti kọ láti oṣù márùn-ún.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo gbé ìgò méjì sórí tábìlì máníjà, ti ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Jímọ̀. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Ẹ kọ ọ́ pé àná ló bẹ̀rẹ̀."

"Kò bẹ̀rẹ̀ lánàá."

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fagi lé e, ara yín lẹ ń fi sùn."

"Mo mọ̀."

Mo mú báírò pupa. Iṣẹ́ àwọn ọmọ tí mo ti fi báírò pupa yẹ̀ wò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò fi í yẹ tèmi wò rí. Lórí ewé kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀sẹ̀ kìíní, mo fagi lé ohun tí mo kọ. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èyí kì í ṣe omi kànga. Èmi kò fa á fúnra mi." Mo sì fọwọ́ sí i.

Ìwé náà kò lọ ní ọjọ́ Ajé; nígbà tó wá lọ, pẹ̀lú báírò pupa mi ló lọ. Ìjọba rán obìnrin kan wá, ó fa omi fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀, kò sì jókòó sórí àga. Ìjọba kò fún kúárì ní àṣẹ láti fọ́ apá òkè tó kọjú sí abúlé, wọ́n sì ní kí kúárì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí òdìkejì abúlé fún àwọn ará ibẹ̀. Kúárì kò gbà mí sí iṣẹ́ náà mọ́ nígbà tí àdéhùn wa parí. N kò bá wọn jà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo gba abúlé náà là. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe: oṣù márùn-ún ni wọ́n fi mu ìsàlẹ̀ àmù nígbà tí ìwé mi ń sọ pé omi mọ́, n kò sì mọ ohun tí ó ṣe nínú wọn.

Mo tún lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, kì í ṣe fún owó oṣù. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ti gbé páànù bo kànga àtijọ́. Wọ́n gbé àga jáde, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ṣí páànù náà, mo sì fa omi. Ìyá àgbà kọjú sí ògiri.

"Ẹ ṣe kíá o, kí ará Ọ̀kà má lọ kọjá."

Omi náà ṣì rú. Mo dà á nù, mo jókòó, mo ní kí ìyàwó fún mi lómi mu. Ó mú aṣọ funfun lórí okùn.

"Fi aṣọ yẹn sílẹ̀," ni mo wí. "Bu èyí tí ẹ̀yin ń mu."

Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá àgbà ronú díẹ̀, ó sì mi orí pé kó bù ú. Ìyàwó bu ú láti inú àmù láì sẹ́ ẹ, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún mi, mo sì mu ún tán.